Bàbá Tó Máa Ń Kí Odò Kó Tó Wakọ̀

Àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá bàbá mi ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹbí fẹ́ pín ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n kọ tèmi sí i torí pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá sún mọ́ iná jù ló máa ń mọ̀ pé iná ń jóni. Ẹ má retí kí n kọ pé òpó ilé yẹ̀ tàbí pé erin wó. Àwọn tó kàwé á kọ ìyẹn. Ìwé mẹ́rin péré lèmi kà kí n tó gbé sípánà, ọmọ mi obìnrin ló sì ń bá mi kọ ọ́, òun ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti Gwarinpa títí dé Kuje, kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa ró létí mi tí mi ò ní mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè èmi Tàú mẹkáníìkì wò. Bàbá yìí nìkan ni mo gbọ́ ìró rẹ̀ títí tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì sunkún. Inú ló ń bí mi.

Sálíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó máa pe Abuja ní olú-ìlú ló ti ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ káàkiri Òkè Ọya. Nígbà tí ara ò gba ìrìn àjò mọ́, ó gba ilẹ̀ lẹ́yìn Kuje lọ́wọ́ àwọn Gbàgyí, ó ń gbin iṣu. Ilẹ̀ yẹn dára, ọ̀nà ibẹ̀ ni kò dára. Odò kan wà láàrin oko àti títì ọlọ́dà, kò sì ní afárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adìyẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí mọ́tò tó máa dán an wò, orí ni wọ́n fi ń ru iṣu.

Èmi ni mo bá a rí ojútùú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete, torí kò sẹ́ni tó ń rántí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn jọ ní Idu, wọ́n ń tà á. Ìjọba alágbádá ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú. Láàrin àwọn katakata ńlá ni mo ti rí nǹkan kékeré kan. Kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe ọ̀kadà. Táyà mẹ́rin tó ní eyín, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì. Ìjókòó méjì ló ní, awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irin sì tẹ̀ kọdọrọ lé wọn lórí bí egungun ìhà. Àpótí ẹrù ló wà lẹ́yìn, tó ń da ẹrù sílẹ̀ bíi típà. Mo pe Bàbá wá. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó wo abẹ́ rẹ̀. Àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní: "Àkànmú, kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi rèé."

Làdí ló sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin Gbàgyí ni Làdí, oko rẹ̀ àti ti Bàbá jọ pààlà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣu ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a gbé nǹkan náà dé, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀ láàrin poro, Làdí ju ọkọ́ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́: "Kai! Bàbá, ọ̀pọ̀lọ́ lẹ rà yìí!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ́.

Ìtọ́jú tó ń ṣe fún Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa méjèèjì. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kó tó mu kókó, á ti yọ fílítà afẹ́fẹ́, á máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí eruku á fi tán. Tí òun àti ọkọ̀ bá ti oko dé nínú ẹrẹ̀, kò ní jókòó àfi tó bá wẹ̀ ẹ́. Kì í sì í da omi sí i lórí bí ọmọdé. Á gba ẹ̀yìn rédíétọ̀ tú omi sí i láti inú síta, kí irúgbìn koríko tó há sí i lè bọ́. Bùútà àlùwàlá rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Bùútà kan náà ni òun àti ọkọ̀ jọ ń lò, ó sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó bá ń wakọ̀. Tó bá kan gíríìsì, gbogbo oríkèé ọkọ̀ yẹn ló ń fún ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Èmi tí mo fi iṣẹ́ yìí kọ́lé ni mo ń sọ fún yín." Kò gbójú sókè. "Àkànmú, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo máa ń fọ ẹsẹ̀ rẹ nínú àlùwàlá ni?"

Àpótí ẹ̀yìn yẹn ń kọ́? Iṣu, igi, omi, ajílẹ̀, ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé. Èèyàn nìkan ni kò jẹ́ kó wọ ibẹ̀. Lọ́dún Iléyá kan, àbúrò bàbá mi, Bàbá Lásísì, kó ìdílé rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Oòrùn mú, ọ̀nà jìn, Bàbá Lásísì ní kí àwọn ọmọ gun ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá pa ọkọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá Lásísì bínú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín! Àpótí ṣófo!" Bàbá ní, "Ohun tó bá mọ bí a ṣe ń da nǹkan nù, èèyàn kì í jókòó sínú rẹ̀."

Èyí tó wá dùn mí dé egungun ni ti odò.

Bàbá ní ọ̀pá kan tó gùn. Ó dúró ti Ọ̀pọ̀lọ́, ó wọn ibi tí àpótí bẹ́líìtì rẹ̀ wà láti ilẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sára ọ̀pá níbẹ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn. Tí omi bá ti wọ ibẹ̀, á máa yọ̀, ọkọ̀ á sì dúró sáàárín odò. Ìyẹn yé mi, ta ló máa sọ fún mi? Ohun tí kò yé mi ni pé lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, Bàbá á dúró létí odò, á bọ́ sálúbàtà, á ká ṣòkòtò, á gbé ọ̀pá, á wọ omi lọ dé òdì kejì, á sì tún padà wá kó tó wakọ̀. Ó ní òun ń kí odò ni. Lọ́jọ́ tí omi ò bo kókósẹ̀ pàápàá! Mo ní, "Bàbá, a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ibí." Ó ní, "Odò kì í sọ jíjìn rẹ̀ fún ẹni tó jókòó."

Mo ní oníbàárà kan nígbà yẹn, ọkùnrin ńlá. Ó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Idu, mọ́tò mọ́kànlá ló ń gbé e kiri. Ó ti ṣèlérí pé gbogbo mọ́tò yẹn, èmi ni òun máa fún láti máa tọ́jú. Mọ́kànlá! Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ igi? Ọ̀gá yìí wá ń wá ilẹ̀ tó máa gbẹ́ odò ẹja sí, mo sì sọ fún un pé ilẹ̀ tó dára wà nítòsí oko bàbá mi, pé a ní ọkọ̀ tí odò kankan ò lè dá dúró. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ọ̀gá dé pẹ̀lú agbádá funfun, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá nínú Ọ̀pọ̀lọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn dé etí odò. Bàbá bọ́ sálúbàtà. Ó wọ omi. Nígbà tó jáde, ó fi ọ̀pá hàn wá. Omi fi ìka méjì kọjá ọ̀dà pupa.

Ó padà sí ìjókòó rẹ̀. "Odò ní ká ní sùúrù," ló wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Odò yìí? Bàbá, omi tí mo fi ń fọ mọ́tò mi jù báyìí lọ."

"Ẹ lọ gbé mọ́tò tí ẹ ń fọ̀ yẹn wá, kí ẹ fi là á kọjá."

Mo sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí lójú ọ̀gá mi. Ìka méjì kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ bọ́ sílẹ̀, èmi á wà á." Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó yára jù mí lọ. Ó fà á yọ, ó sọ ọ́ sínú bùútà, ó dé e, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá."

Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di agbádá rẹ̀ mú, ó ní, "Tàú, tí o kò bá lè pàṣẹ fún bàbá rẹ, ṣé mọ́tò mi ló máa gbọ́ tìẹ?" Ó lọ. Mọ́tò mọ́kànlá bá a lọ. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kó tó di ìrun ásáárì, omi ti fà, kò tilẹ̀ bo orúnkún mọ́. Mo fa Bàbá lápá aṣọ dé etí odò. Mo ń pariwo. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún mi!" Ó wo omi, ó wò mí. "Mi ò sọ pé kò ní fà, Àkànmú. Mo ní kò tíì tó àkókò ni."

Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìbànújẹ́ bá nìyẹn?

Mo dé ibi tó le báyìí. Ọmọ mi bèèrè pé ṣé kí òun kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́.

Lọ́dún kan náà, Bàbá gbé Ọ̀pọ̀lọ́ fún mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ tamọ́sítáàtì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì, nǹkan kékeré bí ọmọrí ìgò ni. Ó máa ń dí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, á wá ṣí i. Gbogbo mẹkáníìkì Abuja tó mọ ohun tó ń ṣe ló ń yọ ọ́ sọnù. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní òyìnbó fi sí i nítorí òtútù ìlú wọn ni, oòrùn tiwa ò nílò rẹ̀. Mo sì já wáyà fáànù kúrò lára ohun tó ń sọ fún un ìgbà tó máa ṣiṣẹ́, mo so ó tààrà mọ́ iná, kó máa yí láìdúró. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá dúró lórí mi.

"Kí lo yọ yẹn?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Ti ìlú yìnyín ni."

Ó tẹ̀, ó ṣà á nílẹ̀, ó fi etí dáńṣíkí nù ún, ó fi í sápò. "Ẹni tó ṣe ọkọ̀, ṣé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Bàbá ti kọ́ Làdí ní ọkọ̀ wíwà nígbà yẹn. Òun ló wà á lọ́jọ́ náà, Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣu Làdí ló kún ẹ̀yìn, ọjọ́ ọjà Kuje ni. Níbi tí wọ́n ti ń gun òkè, Ọ̀pọ̀lọ́ hó bí ìkòkò, ó kú. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Mo fọwọ́ kan fáànù. Ó ti jóná, ó ń rùn. Fáànù tó ń yí láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsinmi, kí ló máa ṣe tí kò ní jó? Nígbà tó sì jó, ẹ́ńjìnnì ò rí atẹ́gùn mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè bẹ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé mo máa ń mọ̀.

Mo gbójú sókè. "Ta ló wà á?"

"Èmi ni, Yáyà Tàú," ni Làdí wí. Bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí.

"Ìwọ lo jó o. O tẹ̀ ẹ́ pa. Ṣé ọkọ́ lo pè é ni?"

Àwọn èèyàn ń kọjá lọ sọ́jà, wọ́n ń wò ó. Ó tẹrí ba. Iṣu rẹ̀ wà nínú oòrùn. "Ẹ má bínú," ló wí, "mi ò mọ̀." Bàbá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu mi. Nígbà tí kò rí i kí n sọ ọ́, ó ní, "Ẹnu ọkọ̀ kò ṣí. Ẹni tó mọ èdè rẹ̀ ló máa ń gbẹnu sọ fún un."

Mo fi fáànù mìíràn sí i, mo tún so ó tààrà mọ́ iná bíi ti tẹ́lẹ̀, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́ta. Kò bá mi jà. Ìyẹn ni mi ò lè dárí jì í! Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kò sì gbé e fún mi mọ́. Ó lé lọ́dún kan. Tí mo bá lọ sí oko, tí mo bá ti na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Jókòó, mu omi." Mo ṣe tán láti gba èébú, ìgbájú pàápàá. "Jókòó, mu omi." Bó ṣe ṣe títí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ fi gbé e lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó. Bàbá Lásísì wúkọ́ díẹ̀, ó ní Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún òun lórí ẹní àìsàn: kí kọ́kọ́rọ́ Ọ̀pọ̀lọ́ wà lọ́wọ́ Làdí.

Mo fò dìde. "Làdí wo? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ni? Èmi tí mo rí ọkọ̀ yẹn ní Idu! Mẹkáníìkì mélòó ló wà nílé yìí?"

"Tàú, jókòó. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́."

"Obìnrin tó jó o lẹ́ẹ̀kan?" Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo wá okùn tí a fi ń fa mọ́tò, mo kọrí sí oko.

Òjò ti rọ̀. Mo bá Ọ̀pọ̀lọ́ létí odò níhà títì, ó mọ́ tónítóní, bùútà wà lẹ́sẹ̀ ìjókòó. Làdí wà láàrin omi, ó ká aṣọ mọ́ ìdí, ó ń fi ọ̀pá wọn ọ̀nà. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Sànnu, Yáyà Tàú. Omi ti kọjá ọ̀dà. Ẹ jẹ́ ká dúró." Ó rí okùn lọ́wọ́ mi. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàrin àwa méjèèjì, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ro mí, ni mo bá lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbo ló tún kù láti jókòó sí nínú ọkọ̀ yẹn?

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ìjókòó, ó mú ìdì aṣọ kékeré kan wá. Mo tú u. Tamọ́sítáàtì ni. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró pa á, kò dípẹtà.

"Bàbá ní kí n fún yín tí ẹ bá wá."

"Kí ló ní kí o sọ?"

"Kò ní kí n sọ nǹkan kan."

Mo yí i lọ́wọ́ títí. Mo wo odò. Mo ní, "Làdí, ìwọ kọ́ lo jó ọkọ̀ yẹn. Èmi ni."

"Mo mọ̀, Yáyà. Bàbá náà mọ̀ látọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí kò bá mi wí?"

"Ó ní ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Ó ní ká má gbé e lọ fún mẹkáníìkì míì, pé ẹ̀yin lẹ máa dá a padà síbẹ̀. Lórí òkè, a máa ń dúró, a ó pa ọkọ̀ kí fáànù lè sinmi, kó tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ká tó dé ọjà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó máa ń ní, 'Làdí, jẹ́ ká dúró de Àkànmú.'"

Ọdún kan ó lé! Àgbà ọgọ́rin ọdún ó lé, ó ń jókòó lórí òkè nínú oòrùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọjà kan, ó ń dúró dè mí, èmi sì wà ní Gwarinpa tí mò ń fọ́nnu. Kí ló dé tí kò pè mí? Kí ló dé tí kò gbá mi létí? Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn, ẹ̀yin ẹbí mi, kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Mo ṣí àpótí irinṣẹ́. Mo yọ omi rẹ̀, mo dá nǹkan kékeré yẹn padà sí àyè rẹ̀, mo so wáyà fáànù bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ ṣe so ó. Làdí fi bùútà bu omi sí rédíétọ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó tẹ iná. A jókòó, à ń gbọ́ ọ. Nígbà tó gbóná, fáànù dìde fúnra rẹ̀. Nígbà tó tutù tó, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nídìí ẹ́ńjìnnì.

Oòrùn ti ń rọ̀. Làdí na ọ̀pá sí mi. "Ẹ lọ kí odò, Yáyà."

Mo bọ́ bàtà mi. Mo ká ṣòkòtò mi. Omi yẹn tutù, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ó ní kòtò kan láàrin tí ojú ò lè rí láti etí rẹ̀ láéláé. Mo ki ọ̀pá bọ ibẹ̀. Omi fi ìka kan kọjá ọ̀dà pupa. Ìka kan péré. Láyé mi àtijọ́, ǹ bá ti là á kọjá.

Mo yíjú padà sí i, mo pariwo kó lè gbọ́ mi láti inú omi: "Làdí! Pa ọkọ̀! Kò tíì tó àkókò."